Ìwé Ìṣirò Orí Kọ̀ǹpútà: Ẹ Ṣọ́ Pọ́íǹtì àti Kọ́mà Yín

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi ṣáájú ọ̀rọ̀ òní. Àwa obìnrin 12 ni a jọ ń dá èésú ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akápò. ₦15,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù, ẹni tí ó bá kàn a sì kó ₦180,000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìwé kékeré kan ni mo máa ń kọ orúkọ wọn sí, n ó sì fi bírò sàmì síwájú ẹni tí ó bá ti san. Nígbà tí ó yá, èmi náà fẹ́ ṣe bí ayé ti ń ṣe. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà, sínú ìwé ìṣirò onílà tí wọ́n ń pè ní spreadsheet, èyí tí Excel àti Google Sheets jẹ́ irú rẹ̀. Mo to orúkọ sí òpó kan, mo to owó sí òpó kejì. Mo fi àwọ̀ ewé kun orí rẹ̀, mo sì kó gbogbo nọ́ńbà sí àárín gbùngbùn àpótí wọn kí ó lè dùn ún wò.

Ní oṣù tí mo ń wí yìí, ìyàwó kékeré kan tí ó ń ránṣọ ni ó kàn. Ó ti bá ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún un dá ọjọ́. Mo ṣí ìwé mi, mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ro gbogbo owó pọ̀, mo sì bá ₦135,000. Inú àkáǹtì tí mo fi ń ná owó ilé náà ni owó èésú ń wọlé sí (àṣìṣe ni èyí fúnra rẹ̀, mo sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀), nítorí náà n kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi yẹ ìwé náà wò. Mo gbà pé ẹni mẹ́ta ni kò tíì san. Mo ka ₦135,000 lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó kúnlẹ̀ níbi tí ó wà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Owó yìí kò pé. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti san."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ owó ti ń rí láàárín obìnrin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn mẹ́ta tí mo sọ di ajigbèsè ti mú ẹ̀rí ìsanwó wọn wá sí iwájú ilé mi. Méjì pariwo. Ẹ̀kẹta, tí ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, kò pariwo rárá. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ pé ìnáwó kan ni ó ká ọ mọ́, sọ ọ́ kí n gbọ́." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ariwo àwọn méjì yòókù lọ, nítorí ó fi hàn pé ìyá náà ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé mo ti jẹ owó ẹgbẹ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé owó, ni ó bá mi wo ìwé náà. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Síwájú àwọn mẹ́sàn-án, mo tẹ 15,000. Síwájú àwọn mẹ́ta, bóyá nítorí pé mo ń yára, mo tẹ 15,000 naira. Lójú tèmi, ohun kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni èkejì, bí ìgbà tí ènìyàn kọ "ata" tàbí "ẹja gbígbẹ" sínú àpótí náà. Bí ẹ bá sì ní kí kọ̀ǹpútà ro òpó kan pọ̀, ohun tí ó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni yóò rò. Yóò fo ọ̀rọ̀ kọjá, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fo ohunkóhun. Báyìí ni ₦45,000 ṣe pòórá lójú ìwé, tí ó sì wà nínú àkáǹtì mi níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó jí i.

Mo pé owó náà fún ìyàwó kékeré lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì kó ìwé náà lọ han gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò tíì lọ fún ẹlòmíràn, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti jókòó kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wo nọ́ńbà, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó ilé, owó ọjà, tàbí owó ẹgbẹ́ mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni apá ibi tí nǹkan dúró sí. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, nọ́ńbà a máa lọ dúró ní apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa dúró ní apá òsì. Bí ẹ bá wo òpó owó tí ẹ rí ọ̀kan tí ó sá lọ sí òsì, ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò kà á sí owó. Àmì tí ìbá ti là mí nìyí, àmọ́ èmi tí mo kó gbogbo rẹ̀ sí àárín nítorí ẹwà ti fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí náírà hàn, ẹ kọ "Náírà" sí orí òpó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrísí àpótí, kí ẹ yan owó, kí ẹ sì mú àmì ₦. Kọ̀ǹpútà yóò fúnra rẹ̀ fi àmì náà síwájú, nọ́ńbà yóò sì wà ní nọ́ńbà. Ẹ̀ṣọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ràn gidigidi. Bí orúkọ yín bá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 2 dé ìlà 13, ẹ tẹ =COUNT(B2:B13) sínú àpótí kan nísàlẹ̀. Yóò ka iye àpótí tí nọ́ńbà gidi wà nínú wọn. Tèmi ìbá ti sọ fún mi pé 9 ni, nígbà tí mo mọ̀ pé ẹni 12 ni wá.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nìyí: ohun tí kọ̀ǹpútà pa mọ́ sínú àpótí lè yàtọ̀ sí ohun tí ó fi hàn yín. Iye gidi wà nínú, ìrísí sì dà bí aṣọ tí a wọ̀ fún un. Aṣọ lè gùn, ó lè kúrú, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ara tí ó wà lábẹ́ aṣọ, ẹ tẹ àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wo ọ̀pá funfun gígùn tí ó wà lókè ìwé náà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò fi ṣírò, kì í ṣe ohun tí ojú yín ń rí nínú àpótí.

Èyí kò léwu níbì kankan tó ibi tí pọ́íǹtì wà, èyíinì ni àmì kékeré tí ó ya odindi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń kọ ìwọ̀n ọmọ sínú fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì dé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé ọmọ yín wọn kílò 6.4 ní oṣù yìí. Ó wá ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ẹ tún gbé e lọ sórí ìwọ̀n, ó sì jẹ́ kílò 5.6. Ó ti jò ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kílò kan, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òpó ìwọ̀n nínú ìwé yín bá wà ní ìrísí tí kò ní pọ́íǹtì, 6.4 yóò hàn bí 6. 5.6 náà ńkọ́? Òun náà yóò hàn bí 6, nítorí pé kọ̀ǹpútà a máa gbé ohun tí ó bá tó ìdajì lọ sókè, a sì máa gé ohun tí kò tó ìdajì sọnù. Ẹ ó wo ìwé, ẹ ó rí 6 lókè, 6 nísàlẹ̀, ọkàn yín yóò sì balẹ̀ pé ọmọ kò jò.

Ẹ yí i padà, kí ẹ wò ó láti apá kejì. Ọmọ tí ó wọn 6.4, tí ó wá di 6.6, yóò hàn bí ẹni pé ó ti 6 fò sí 7, ìdá méjì péré nínú mẹ́wàá ni ó sì fi tóbi sí i. Ìyá ọmọ á máa jó, ọmọ kò sì tíì sanra tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe ìwé ìwọ̀n ọmọ, ẹ ṣètò òpó náà kí ó máa fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn pọ́íǹtì, 6.40, 5.60. Nínú Excel, bọ́tìnnì méjì wà lókè tí a ya òdo mélòó kan àti ọfà kékeré sí. Ọ̀kan ń fi òdo kún ẹ̀yìn pọ́íǹtì, èkejì ń yọ ọ́ kúrò. Google Sheets náà ní irú wọn. Títẹ̀ wọ́n kì í ba iye inú àpótí jẹ́, aṣọ nìkan ni wọ́n ń gé tàbí tí wọ́n ń fà gùn. Káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ sí ni kí ẹ máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ohun tí ẹ dà kọ sílé.

Ọ̀rọ̀ oògùn le ju ti ìwọ̀n lọ, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ fún ọmọ ní mílílítà 2.5, tí ẹ sì kọ ọ́ sínú òpó tí kò ní pọ́íǹtì, 3 ni yóò hàn. Bí ó bá ní 0.4, òdo ni yóò hàn, bí ẹni pé kí ẹ má fún un ní nǹkan kan. Àwọn oníṣègùn ní òfin méjì tí wọ́n fi ń kọ iye oògùn, ó sì yẹ kí a jí i lò nínú ilé. Bí iye bá kéré sí ẹyọ kan, wọ́n a kọ òdo síwájú pọ́íǹtì: 0.5, wọn kì í kọ .5, nítorí pé bí ojú bá fo pọ́íǹtì náà, 5 ni ènìyàn yóò kà, ìlọ́po mẹ́wàá oògùn ni ọmọ yóò sì mu. Bí iye bá sì jẹ́ odindi, wọn kì í kọ òdo sẹ́yìn pọ́íǹtì: 5 ni, wọn kì í kọ 5.0, kí ẹlòmíràn má baà kà á sí 50. Ẹ kíyè sí i pé èyí lòdì sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ìwọ̀n ọmọ. Ní ti ìwọ̀n, òdo ẹ̀yìn ń jẹ́ kí òpó gún régé. Ní ti oògùn, òdo ẹ̀yìn léwu. Bí ó bá jẹ́ èmi, iye oògùn kò ní wọ inú ìwé onílà rárá. Ara ìgò náà gan-an ni n ó ti kà á, tí n ó sì bi nọ́ọ̀sì léèrè bí kò bá yé mi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ka ₦1.5 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn pọ́íǹtì ni ìdá mẹ́wàá, nítorí náà 1.5 àti 1.50 jẹ́ ọ̀kan náà, náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Náírà kan àti kọ́bọ̀ márùn-ún ni 1.05. Ìdí tí ó fi ń dàrú mọ́ wa lójú nínú ìwé onílà ni pé bí ẹ bá tẹ 1.50, tí ẹ kò sì ṣètò ìrísí, kọ̀ǹpútà yóò gé òdo ẹ̀yìn náà, yóò sì fi 1.5 hàn yín.

Kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, àwọn ìyá wa kò ní irú wàhálà yìí. Wàhálà mìíràn ni wọ́n ní. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan, wọ́n sì ń rò ó pọ̀ lórí láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn ìyá tiwọn tún ka owó ẹyọ ní ogójì, ní ẹgbàá àti ní ọ̀kẹ́. Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni náírà dé, náírà 2 sí pọ́n-ùn kan, 100 kọ́bọ̀ sí náírà kan, pọ́íǹtì sì wọ inú ìwé owó wa. Ìwé onílà fún kọ̀ǹpútà kékeré kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì ara rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé ta ni ó ń ná kọ́bọ̀ mọ́ lóde òní. Òótọ́ ni, kọ́bọ̀ kò ra nǹkan kan lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín owó láàárín ènìyàn, kọ́bọ̀ yóò yọjú. Ká sọ pé obìnrin méje jọ ṣe òwò kan, ₦100,000 sì ni èrè. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà pín in. 14,285.714285 ni yóò bá, tí kò sì ní tán síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣètò àpótí náà láìní pọ́íǹtì, 14,286 ni yóò hàn síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, 100,000 yóò sì hàn nísàlẹ̀. Ó dára lójú. Àmọ́ ìyá kan tí kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́ lè mú bírò, kí ó ro 14,286 lọ́nà méje, yóò sì bá 100,002. Níbo ni náírà méjì ti wá? Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bára mu ni ó ń kọ́kọ́ mú kí ènìyàn fura. Kọ̀ǹpútà kò ṣìrò. Iye gidi tí ó pa mọ́ ni ó rò pọ̀, aṣọ tí ó wọ̀ fún un ni àwọn obìnrin rò.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ má fi ìrísí nìkan gé owó tí ẹ fẹ́ san. Ẹ gé iye náà gan-an. Bí owó bá wà nínú àpótí A1, ẹ tẹ =ROUNDDOWN(A1/7,0). Èyí yóò ju gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn pọ́íǹtì nù pátápátá, 14,285 ni yóò sì pa mọ́, òun náà ni yóò fi hàn. Lọ́nà méje, ó jẹ́ 99,995. Ó ku náírà márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, "Owó tí ó ṣẹ́ kù", kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ́bọ̀ wà níbẹ̀, =ROUND(A1/7,2) yóò fún yín ní 14,285.71, iye náà sì ti dúró síbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu tàbí ní Lómè ni ó kàn jù, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n ní Jámánì tàbí ní Bráṣíìlì náà gbọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, kọ́mà ni a fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, pọ́íǹtì ni a sì fi ń ya ìdá. Àwọn tí ó ń lo ètò Faransé yí i padà: kọ́mà ni wọ́n fi ń ya ìdá, wọ́n a sì fi àlàfo tàbí pọ́íǹtì ya ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kútọnu bá kọ 12.500 F sínú ìwé ẹ̀rí, fráǹkì ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ó ń wí. Bí ẹ bá dà á kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ìwé onílà tí a ṣètò ní ti Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí fráǹkì méjìlá àti ààbọ̀. Aṣọ mẹ́jọ tí ó jẹ́ fráǹkì 100,000 yóò di 100. Ẹ ó fi iye yẹn ṣírò èrè, ẹ ó rò pé ẹ ti là, títí ẹ ó fi padà lọ ra ọjà tí owó kò ní tó.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí wọ́n bá kọ kílò 2,500 sára àpò kan níbẹ̀, kílò méjì àti ààbọ̀ ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tiwa, ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò ni yóò dà. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Ó ń ka ohun tí wọ́n ní kí ó kà ni. Google Sheets ní ibi kan nínú ètò rẹ̀ tí ẹ ti lè yan orílẹ̀-èdè, Excel sì ń tẹ̀lé orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń dà á kọ láti inú ìwé ẹ̀rí, ẹ má tẹ àmì ẹgbẹ̀rún kankan rárá. Ẹ tẹ 12500 bẹ́ẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi kọ́mà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ṣinṣín tàbí tí ẹ ń ṣe kéèkì tà, ẹ ṣọ́ra fún ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Bí ẹ bá tẹ 1/2 pé ìdajì ife ìyẹ̀fun ni, kọ̀ǹpútà yóò sọ ọ́ di ọjọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, tàbí ọjọ́ kejì oṣù kìíní bí ó bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ aṣọ, nítorí pé Excel ń pa ọjọ́ mọ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 jẹ́ 45689 lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ro ìyẹ̀fun yín pọ̀, kí ẹ wo iye ife tí ẹ ó bá! Ẹ tẹ 0.5, kí ẹ tẹ 0.25, ọ̀rọ̀ parí. Kí ẹ má sì rò pé àìmọ̀wé wa ni ó fa á. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ń fún àwọn jíìnì inú ara ènìyàn lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà, SEPT1 di SEPTIN1, MARCH1 di MARCHF1, nítorí pé Excel kò yé sọ wọ́n di ọjọ́ nínú oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹta.

Bí ẹ bá rí àmì #### tí ó kún inú àpótí, ẹ má jáyà. Òpó náà ni kò fẹ̀ tó. Ẹ fà á fẹ̀, nọ́ńbà yóò jáde.

Ó ku nọ́ńbà tí kì í ṣe nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì dà bí orúkọ ni. Ẹnikẹ́ni kì í rò wọ́n pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì pín wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, yóò ju òdo náà nù, nítorí pé òdo iwájú kò ní ìtumọ̀ nínú iye. Nọ́ńbà àkáǹtì oní-10 tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo yóò di 9, ẹni tí ó sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i yóò máa pe akápò láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ńbà tí ó bá sì ju 15 lọ ní gígùn, bí irú èyí tí ó wà níwájú káàdì ìgbowó, Excel yóò sọ àwọn tí ó kẹ́yìn di òdo. (Ti káàdì ìgbowó yìí, ẹ má tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ rárá.) Níbí yìí ni ohun tí ó tì mí lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ ti wá wúlò: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á sí ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ mú gbogbo òpó náà, kí ẹ sì yan Text fún ìrísí rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ fi àmì ' ṣáájú òdo náà. Kò ní hàn nínú àpótí, òdo yóò sì dúró. Ohun tí ó ti sọnù kí ẹ tó ṣètò rẹ̀ kò ní padà fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún gba nọ́ńbà wọn, bí èmi náà ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, tí ìyá àgbà tí ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ níjelòó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ohun tí mo wá gbà.